Alángbá tó ń wẹ̀ nínú iyanrìn

California ni mò ń gbé, nítòsí Palm Springs, níbi tí oòrùn kì í ṣeré. Alángbá kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Coachella Valley fringe-toed lizard. Kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní àfonífojì Coachella yìí, bí èèyàn bá sì débẹ̀, kò ní tètè rí i, torí àwọ̀ ara rẹ̀ àti ti iyanrìn kò yàtọ̀.

Àárọ̀ ni mo rí i, kí ilẹ̀ tó gbóná. Mo ń tẹ̀lé ipasẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lórí òkìtì iyanrìn nítòsí Thousand Palms. Ṣàdédé ni ipasẹ̀ náà tán. Kò sí ihò, kò sí igbó. Mo dúró. Àfi fìrì! Ó yọ lábẹ́ iyanrìn níwájú mi, ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí. Mo rí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: ìpẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó tò sí i létí bí eyín òòyà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rì tó bá ń sáré. Kí n tó mí, ó ti forí sọlẹ̀, ó gbọn ara, iyanrìn bò ó. Àgbọ̀n òkè rẹ̀ yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí iyanrìn má bàa kó sí i lẹ́nu, ihò imú rẹ̀ náà sì ní ohun tó ń dí i. Iṣẹ́ Olúwa tóbi!

Ohun tó ń ká mi lára ni pé kí wọ́n kàn sọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká ò lè gbà á là. Àgbàrá ló ń wọ́ iyanrìn sọ̀kalẹ̀ láti orí àwọn òkè tó yí wa ká, afẹ́fẹ́ líle tó ń gba San Gorgonio Pass, àlàfo kan láàárín àwọn òkè, wọlé á wá gbé èyí tó kúnná kiri. Bí ẹ bá kọ́lé dí afẹ́fẹ́ yẹn lọ́nà, tàbí tí ẹ gbin igi dí i, iyanrìn tuntun ò ní dé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ á le, alángbá ò ní ríbi wọ̀. Ilé àti pápá gọ́ọ̀fù sì ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1980 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bò ó, wọ́n yọ ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un ní 1986, ètò ìdáàbòbò ọdún 2008 sì ka ọ̀nà tí iyanrìn ń gbà wá mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ìyẹn gan-an ló múnú mi dùn jù.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là, ẹ má sì wú iyanrìn láti wá a. Kì í wọlẹ̀ jìnnà. Ẹsẹ̀ lásán lè tẹ̀ ẹ́ pa.