Tool palette kan ṣoṣo fún gbogbo ọ́fíìsì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

yaworan_kabba: Okun o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́rin la jọ ń ya plánì ilé ní ọ́fíìsì wa níbí ní Kàbà, AutoCAD (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán) la ń lò, àmọ́ kálukú ló ní ilẹ̀kùn tiẹ̀, fèrèsé tiẹ̀, orúkọ layer (ìpele tá a ń ya nǹkan sí) tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá kápẹ́ńtà pè mí láti sáìtì ní Ìjùmú, ó ní ilẹ̀kùn D1 tó wà lójú ìwé kan, mílímítà 900 ni fífẹ̀ ẹ̀, D1 ojú ìwé kejì 750, èwo lòun ó gbẹ́? Ojú tì mí, torí èmi ni mo ya ọ̀kan, àbúrò wa kan ló ya ìkejì. Ọ̀gá wá ní ká ṣe tool palette (pátákó ojú kọ̀ǹpútà tá a ti ń mú ilẹ̀kùn, fèrèsé tá a ti yà sílẹ̀) tí gbogbo wa á jọ máa lò. Mo mọ̀ pé tí mo bá tẹ Ctrl+3 ó máa yọ, báwo ni gbogbo wa ṣe máa rí ẹyọ kan náà tẹ́nì kankan ò sì ní bà á jẹ́?

baba_plani: Okun. Fódà méjì ni, ọ̀kan fún àwọn block (àwòrán bí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ yà lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ wá ń fi sínú plánì), ọ̀kan fún palette fúnra ẹ̀. Ẹ lọ sí Options, ní Files, ẹ wá Tool Palettes File Locations, ẹ tọ́ka sí fódà náà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má lo lẹ́tà dráìfù bíi Z: o, torí Z lọ́dọ̀ tìẹ lè jẹ́ Y lọ́dọ̀ ẹlòmíì, orúkọ kọ̀ǹpútà tí fódà náà wà lórí ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì ẹ̀. Ẹ sọ fáìlì ATC (fáìlì palette yẹn fúnra ẹ̀) di read-only, kẹ́nì kankan má lè yí i padà, ẹ máa rí àgádágodo lára palette. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Properties nǹkan kọ̀ọ̀kan tó wà lórí palette: tẹ́ ẹ bá yan layer fún ilẹ̀kùn níbẹ̀, kódà kó jẹ́ layer 0 lẹ wà, orí layer tiẹ̀ ló máa bọ́ sí, tí layer yẹn ò bá sì sí nínú plánì, á dá a sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

omo_isanlu: Ẹ wo INSUNITS (sẹ́tìn tó ń sọ bóyá mílímítà ni tàbí mítà) block kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kó o síbẹ̀ o! Tèmi, mílímítà la fi yà á, mítà ló wà nínú sẹ́tìn ẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wá tóbi ju gbogbo ilé lọ, mo kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn ni. Ẹ má sì gbé fódà block kúrò níbi tó wà, palette ò ní rí i mọ́.

egbe_drafts: Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ tí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ kó o sí kú ńkọ́? Níbí tiwa, kálukú ló ní ẹ̀dà lórí C, fódà orúkọ kan náà, robocopy (àṣẹ Windows tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì) ló ń kó tuntun wá láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ D1 yẹn kì í ṣe ẹjọ́ palette o, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò, 900 ni D1, 750 ni D2, kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ náà sínú block gan-an. Plánì àtijọ́ ò ní yí padà fúnra ẹ̀, ẹ right-click lórí block náà nínú palette, kẹ́ ẹ yan Redefine.

yaworan_kabba: Ẹ ṣeun gan-an. A ti ṣe ti C yẹn, ọ̀gá bi wá pé ta ni á máa bójú tó o, gbogbo wọn kàn ń wo ojú mi. Ṣé hatch (ìlà tá a fi ń kún ògiri) bulọ́ọ̀kù náà lè wọ palette yẹn?

baba_plani: Ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ save plánì, kẹ́ ẹ wá fi mouse fa hatch yẹn sórí palette, scale ẹ̀ náà á tẹ̀lé e.