Aró mi kò mú aṣọ mọ́, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ Aláró: Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá kó aṣọ ẹbí, aró mi ò mú aṣọ mọ́. Ẹnì kan ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Kí ni kí n ṣe? Ta ló ń ta sódà aró (caustic soda) tó dáa?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ má fún ọsàn sí i o! Aró kì í fẹ́ ohun kíkan. Ó máa ba hydros (kẹ́míkà oníyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró yè) inú rẹ̀ jẹ́, èéfín tó bá sì tú jáde á há yín lọ́fun. Báwo ni omi náà ṣe rí? Tó bá ṣì jẹ́ búlúù, kò tíì yè. Omi aró tó yè máa ń ní àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí aṣọ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ ló ń di búlúù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, inú kí lẹ ń po sódà yín sí? Ní 2019, mo da sódà sínú ìkòkò sílífà (alumíníọ̀mù), mo wá bu omi lé e lórí. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀ o, ó ń hó kùtùkùtù. Ó ta sí mi lápá, ó ta sí mi lójú ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní ọsibítù. Ojú yẹn kò ríran dáadáa títí dòní.

Ajíkẹ́: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Tíṣà Kẹ́mísírì: Sódà àti sílífà kì í gbé pọ̀. Ó ń jẹ ìkòkò náà ni, gáàsì háídrójìn sì ń jáde, èyí tí iná lè ràn mọ́. Ike tó nípọn tàbí tánganran tí kò tíì bó ni kí ẹ lò. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ wá máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀.

Aládìrẹ Òṣogbo: Ogún ọdún ni mo ti ń da omi lé sódà lórí. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà ti ṣe é lọ́dún mọ́kànlá kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ẹ bá mi bo ojú yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Àbẹ̀ní Ẹlẹ́lùú: Ẹ̀yin ẹ fi sódà sílẹ̀. Omi eérú àti ẹ̀lú gígún ni ìyá mi lò, wọ́n á ké sí Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, aró á yè.

Ọmọ Ìtòkú: Mà, ọjọ́ mélòó nìyẹn máa gbà? Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀.

Ajíkẹ́: Kí sódà má baà kù lára aṣọ, ẹ fi fíníkà (vinegar) díẹ̀ sí omi tí ẹ máa fi ṣàn án gbẹ̀yìn.

Tíṣà Kẹ́mísírì: Lẹ́yìn tí aró bá ti mú aṣọ nìyẹn o, kì í ṣe inú ìkòkò aró. Àdùkẹ́, ṣé ẹ dé hydros yín dáadáa? Tí atẹ́gùn bá ti wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á lọ. Tí omi bá kán sí i níbi tí ẹ kó o sí, ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná.

Àdùkẹ́ Aláró: Ẹ ṣé gan-an. Láti ọdún Iléyá ni ọ̀rá rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí. Mi ò fọwọ́ kan sódà mọ́. Mo ti kó aṣọ lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tí aró wọn yè, iye tí wọ́n bá pè ni n ó san. Àmọ́ mo ti fún ọsàn mẹ́wàá sínú ìkòkò yẹn kí n tó rí èsì yín. Ó ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá.

Tíṣà Kẹ́mísírì: Ṣé inú ilé ló wà? Ẹ má tẹ̀ ba lé e lórí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

Àdùkẹ́ Aláró: Ẹ̀yìnkùlé ni. Mo ti kó wọn lọ sílé àǹtí wọn.