Ta ni kí n fi wé Catherine ti Aragon?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn nípa ìyàwó Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́fà ni wọ́n, àyè méjì péré ni mo ní. Catherine ti Aragon ti wọlé ná. Lọ́dún 1513 tí ọkọ rẹ̀ lọ jagun ní Faransé, òun ló ń ṣàkóso ìlú nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa ọba Scotland lójú ogun ní Flodden, ó sì fi lára ẹ̀wù òkú ọba náà ránṣẹ́ sí Henry! Nígbà tí Henry fẹ́ kọ̀ ọ́, ó fàáké kọ́rí: títí ó fi kú ní 1536, ayaba lòun.

Ẹnì kejì ló ń dà mí láàmú. Anne Boleyn, ìyàwó kejì tí Henry ní kí wọ́n bẹ́ lórí, ni gbogbo ayé ń pariwo, ó ti sú mi. Anne ti Cleves ló wù mí. Oṣù mẹ́fà péré ni ìgbéyàwó rẹ̀ lò ní 1540. Henry ní òun ò ṣe mọ́, Anne ò janpata. Ó gba ilé, ó gba owó, wọ́n ń pè é ní àbúrò ọba, orí rẹ̀ sì wà lọ́rùn. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn àbí ojo? Àbí Catherine Parr, tó tẹ ìwé jáde lórúkọ ara rẹ̀ ní 1545, ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ lásán, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi.