Jẹnẹrétọ̀ mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin mẹkáníìkì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi kránkì tòkunbọ̀ (irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) sí i ní Agodi Gate ló ti ń gbọ̀n. Díẹ̀ ló kù kó rìn jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá. 20 mílílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan (50 sí 1) ni mò ń pò. Rìwáyà mi ní kí n sọ ọ́ìlì náà di 40 mílílítà. Háà! Èéfín gbogbo àdúgbò, púlọ́ọ̀gì dúdú, ó tún rin fún ọ́ìlì. Gbígbọ̀n ò sì dín rárá. Ṣé kránkì ló wọ́ ni, àbí bẹ́árìn? Ta ló lè bá mi tọ́ kránkì náà n'Íbàdàn, kí n tó ra òmíràn?