Ibi Ijó Ni Àwòrán Fídíò Ti Máa Ń Bàjẹ́: Ìrírí Mi

Nínú iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn, mo ti ṣàkíyèsí pé ibi tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn jù, ìyẹn ibi tí tọkọtìyàwó ti ń jó tí tẹbí tọ̀rẹ́ sì ń náwó fún wọn, náà ni àwòrán ti máa ń bàjẹ́ jù nígbà tí a bá gbé fídíò jáde. Nígbà tí alága ìdúró ń sọ̀rọ̀ níwájú ògiri, gbogbo rẹ̀ á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kété tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ojú àwọn ènìyàn á pín sí igun mẹ́rin kéékèèké.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Kámẹ́rà ni ó ń dá lẹ́bi, ó tilẹ̀ ti ń wá òmíràn yá. Mo ní kí a kọ́kọ́ ṣí fáìlì tí kámẹ́rà yà gan-an. A dá a dúró níbi tí ìyá ìyàwó ti ń lẹ owó mọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú orí, a sì lè ka ihò ara léèsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí ó gbé jáde, níbi kan náà, léèsì ti di aṣọ pẹlẹbẹ tí kò ní iṣẹ́ lára rárá. Nígbà tí a wo ètò tí ó lò, fídíò 1080p ni, fírémù (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan) 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bitrate rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ju 4 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì mẹ́rin) lọ.

H.264, ìyẹn ọ̀nà ìfún-fídíò-pọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, kì í tọ́jú gbogbo fírémù lódindi. Yóò tọ́jú ọ̀kan, yóò sì kọ kìkì ohun tí ó yí padà nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ògiri kì í rìn, nítorí náà kò gba àyè, ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́, owó àti aṣọ dídán ti ń mì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tuntun ni gbogbo rẹ̀, bí àyè kò bá sì tó, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ara aṣọ ni yóò kọ́kọ́ lọ. YouTube dámọ̀ràn 8 Mbps fún 1080p tí fírémù rẹ̀ kò ju 30 lọ, àti 12 Mbps fún èyí tí ó tó 50 tàbí 60. Lójú tèmi, 12 kò tó fún ijó. A gbé e jáde ní 20 Mbps, a sì yan VBR (bitrate tí ó ń yí padà) onípele méjì, èyí tí ó máa ń yẹ gbogbo fídíò wò ná kí ó tó pín àyè, tí ibi ijó yóò fi gba ìpín tí ó pọ̀ ju ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ó pẹ́ kí ó tó parí, ṣùgbọ́n ihò léèsì padà.

Ní 20 Mbps, ìṣẹ́jú kan á tó bíi 150 MB. Fláàṣì tí a ṣètò sí FAT32, ọ̀nà kan tí fláàṣì fi ń to fáìlì, kò lè gba fáìlì kan tí ó bá ju 4 GB lọ, nítorí náà exFAT, ọ̀nà ìtò-fáìlì mìíràn, ni mo máa ń lò, lẹ́yìn tí mo bá ti rí i pé tẹlifíṣọ̀n oníbàárà lè kà á.

Mo tún máa ń bẹ àwọn oníbàárà pé bí wọ́n bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, nítorí pé bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp yóò tún un fún pọ̀, ihò léèsì á sì tún pòórá.