Ba'ath kì í ṣe "ẹgbẹ́ aláìlẹ́sìn" o

Ẹ̀yin àgbà àtẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ ìtàn pátì Ba'ath ti Síríà ní ká pè é ní "Ẹgbẹ́ Àjíǹde, ẹgbẹ́ òṣèlú aláìlẹ́sìn". Àjíǹde yẹn, mo fara mọ́ ọn. Àwọn tó ń sọ pé ó ti jọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jù, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ba'th, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n fi sọ pátì yìí lórúkọ, náà ni àwọn Mùsùlùmí ń lò fún jíjí òkú dìde lọ́jọ́ ìkẹyìn? Ẹ̀sìn wà lára ọ̀rọ̀ náà lọ́hùn-ún, àwọn tó sọ pátì lórúkọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìsọjí" tí ẹnì kan mú wá, tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, kánópì àti gbohùngbohùn ni mo ń rí.

"Aláìlẹ́sìn" gan-an ni mi ò gbà. Tá a bá pe èèyàn ní aláìlẹ́sìn nílé wa, a ní kò kírun, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò bọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dá pátì yìí sílẹ̀ ní Damascus lóṣù kẹrin 1947, Michel Aflaq tó ṣáájú wọn, ọmọ ìjọ Orthodox ni, Salah al-Din al-Bitar tí wọ́n jọ kàwé ní Paris, Mùsùlùmí Sunni ni, àwọn ọmọlẹ́yìn Zaki al-Arsuzi tó jẹ́ ọmọ Alawi (ìjọ kékeré kan tó yà lára Shia) náà sì dà pọ̀ mọ́ wọn. Àní Aflaq yìí, Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé, ó dìde ní yunifásítì Damascus ní 1943 ó ń yin Ànábì Muhammad pé ogún gbogbo Lárúbáwá ni, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Aláìlẹ́sìn wo wá nìyẹn?

Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀sìn kọ́ la fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tiwa. Ìwé òfin wọn sọ pé Lárúbáwá ni ẹni tó ń sọ èdè Lárúbáwá, tó ń gbé ilẹ̀ wọn tàbí tó ń fẹ́ gbé ibẹ̀, tó sì gbà pé òun jẹ́ ara wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa, "orílẹ̀-èdè", bá a mu régí, àfi bíi pé tìtorí wọn la ṣe ṣẹ̀dá ẹ̀, ó tiẹ̀ bá wọn mu ju Nàìjíríà elédè rẹpẹtẹ lọ. Qawmiyya tí wọ́n ń wí, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni, wataniyya ni ìfẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n bíni sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀. (Àwọn Kurd tí wọ́n lédè tiwọn kò ríbi wọ̀ síbẹ̀ ṣá, ojú wọn sì rí tó.)

Torí náà "aláìfẹ̀sìnṣèlú" ni mo dábàá. Ẹ fi ọdún 1973 wò ó: Hafez al-Asad, ọmọ pátì yìí tó jẹ́ ààrẹ Síríà nígbà náà, gbé ìwé òfin ìlú jáde tí kò sọ pé dandan ni kí ààrẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ìlú dàrú, wọ́n bá dá a padà sínú ẹ̀. Ẹ lè sọ pé wọ́n gbìyànjú àìfẹ̀sìnṣèlú, aráàlú ò gbà. Ẹ fi "àìlẹ́sìn" síbẹ̀, kó dà bíi pé Asad ní kí wọ́n ti mọ́sálásí pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kígbe. Ìṣọ̀kan àti òmìnira ò níjà nínú. Ishtirakiyya tí gbogbo yín ń kọ ní "sóṣálísíìmù", ọ̀rọ̀ àjọpín ló ti wá, mo rò pé "àjọní" á gbé e. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú kó sọ.