Ibi tí wọ́n ti ń fi gìtá kọrin n'Íbàdàn: ẹ gbà mí o, ọ̀la ni!

Àbẹ̀kẹ́ Akóbọ̀: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àlejò mi dé láti Kàdúná lónìí, orin ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwọn olórin fóòkì (orin tó fara mọ́ ti ìbílẹ̀) àti sóòlù (orin tó ń ti ọkàn wá) tó ń kọ orin ara wọn ni mò ń wí, kì í ṣe dí-jéè. Alẹ́ ọ̀la, Sátidé. Níbo ni ká lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.

Ọmọ Òkè-Àdó: Èló lẹ fẹ́ ná? Tẹ́ ẹ bá lè dé Mọ́kọ́lá, ẹ bèèrè ní New Culture Studio, ilé tí Demas Nwoko kọ́ sórí òkè yẹn. Ìtàgé ibẹ̀ wà ní gbangba. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè o, kì í ṣe gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kọrin.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọkọ mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ₦5,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́fà ni wọ́n pè é. Aago mẹ́sàn-án kọjá, wọ́n ṣì ń pe "wàn, tú" sínú máìkì. Nígbà tí ọmọbìnrin tó fẹ́ kọrin jàjà bọ́ síta, omi bọ́ lójú mi lórí orin àkọ́kọ́. Orin kejì ò tíì dé ìdajì tí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Ọmọbìnrin náà ò dákẹ́ o! Ó ń ta gìtá rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, àwa tan iná fóònù sí i. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní kó dúró. Bí iná ṣe dé, dí-jéè ni wọ́n gbé síbẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, ó jókòó sórí àpótí gìtá rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò lè sọ̀rọ̀. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Adé Sángo: Yéè! Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ jókòó sílé.

Ọmọ Òkè-Àdó: Adé, má sọ pé gbogbo wọn. Àwọn kan ń gbìyànjú.

Onígángan: Mo ti ń lu ìlù fún irú àwọn olórin báyìí tipẹ́. Owó ọkọ̀ nìkan la máa ń rí gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ pe ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n máa yẹ ẹ̀rọ wò. Bí wọ́n bá ní "tí olórin bá dé," ẹ má lọ.

Ọláwálé Agbowó: Sóòlù wo ló wà n'Íbàdàn? Beautiful Nubia, ọmọ bíbí Ìbàdàn tó kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), fóòkì lèyẹn. Aṣa ló ń kọ sóòlù.

Adé Sángo: Aṣa náà fi Yorùbá kọrin nínú àwo rẹ̀ ti 2007. Kí ló wá yà wọ́n?

Bàbá Jùjú: Ẹ̀yin ọmọ yìí. I.K. Dairo, olórin jùjú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, ṣé orin ẹlòmíràn ló ń kọ ni? Gìtá àti àkọ́díọ̀nù ló fi gbé e. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣadé Challenge: Ẹ mú wọn lọ Agodi Gardens lọ́sàn-án, ẹ wá jẹ àmàlà. Ẹ má gba Ìwó Road o.

Àbẹ̀kẹ́ Akóbọ̀: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ni àlejò yẹn. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, aago mẹ́sàn-án kì í bá wọn lójúfò. A ò lọ ibì kankan mọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọmọbìnrin yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa gba ogún àga, màá san owó rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Mo ti fi ránṣẹ́. Mo ti pè é náà, ó ní òun ń bọ̀ ní aago márùn-ún. Ẹ jẹ́ kó kọ orin kejì yẹn parí o.